Ẹni Tó Fi Iyọ̀ Sínú Òkun

"Èmi tí ẹ ń wò yìí, èmi ni mo fi iyọ̀ sínú òkun Alẹkisáńdíríà!"

Ọ̀rọ̀ tí Gàríbù kọ́kọ́ sọ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn, kí ọkọ̀ ojú irin tó kúrò ní Táńtà rárá. Kò rọra sọ ọ́ o. Ohùn tó fi sọ ọ́ lè jí gbogbo òkú tó wà ní itẹ́ òkú ìlú náà, kí wọ́n sì jókòó kí wọ́n máa bèèrè tíì gbígbóná. Ó ní kí òun tó débẹ̀, omi òkun náà dùn bí omi ìrèké ni, àwọn ará ibẹ̀ a sì máa fi kọ́ọ̀bù bù ú fi jẹ búrẹ́dì. Bàbá òun ló rán òun ní àpò iyọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ fi yan ẹ̀wà. Àpò bọ́ lọ́wọ́ òun, ó kó sómi, ó parí. Àwọn ẹja sunkún títí ìpéǹpéjú wọn fi re dànù. Ìdí nìyẹn tí ẹja kì í fi í pajú dé títí dòní.

Èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Nádà àti Zìyádì, àwọn ọmọ Gàríbù méjèèjì, rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ́ bọ́ sílẹ̀ lórí ìjókòó. Àǹtí Fikríyà, tó sanra débi pé ìjókòó méjì ló ń bínú sí i lẹ́ẹ̀kan náà, rẹ́rìn-ín tí ọkọ̀ fi mì tìtì. Dáúlátì, ìyá àwọn ọmọ náà, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹnu Gàríbù ló tẹjú mọ́, bí ológbò ṣe ń wo ẹnu ihò eku. Ó mọ ohun tó kàn.

Ọkùnrin kan tó jókòó lódìkejì mirí. "Ọ̀gá, eléyìí ti pọ̀ jù o. Irọ́ ni."

"Irọ́ kẹ̀?" Gàríbù fò dìde, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè. "Bí irọ́ ni, mo kọ..."

Dáúlátì fi ìgúnpá gún un níhà. Gàríbù yára ki ọwọ́ bọ àpò, ó kó hóró èso elégédé oníyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, ó rọ́ ọ sẹ́nu tòun ti èèpo, ó sì jókòó, ó ń rún un bí ewúrẹ́ tí wọ́n ká mọ́ inú oko olóko.

"O kọ kí ni?" ni ọkùnrin náà bèèrè.

"Ó kọ oúnjẹ àárọ̀," ni Àǹtí Fikríyà bá a dáhùn.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí ẹnu ọkùnrin fi nílò ẹ̀ṣọ́. Àwọn kan wà ní ìlú wọn tí wọn kò lè sọ pé oòrùn ń ràn láìfi ìyàwó wọn búra. "Bí irọ́ ni, mo kọ ìyàwó mi!" Alátà á fi búra, awakọ̀ á fi búra, ẹni tó ń ta ẹyẹlé á fi búra nígbà tí ẹyẹlé náà ń kú lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ìbúra yìí sọ ẹnu rẹ̀ dilé bíi ti Gàríbù. Irọ́ rẹ̀ dùn. Ìbúra tó fi ń dé e lórí ló korò bí ewúro.

Irọ́ náà ló sì fi fẹ́ Dáúlátì. Ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí ńlá ti Táńtà ló ti ń ta ẹ̀wà yíyan àti súìtì yànmọ̀tí. Lọ́jọ́ àjọ̀dún kan, tí èrò pọ̀ débi pé ẹni tó bá sín, ẹlòmíràn ló máa bá a nu imú, Dáúlátì wá ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gàríbù wò ó, ó ní, "Arábìnrin, kì í ṣe iná ni mo fi yan ẹ̀wà yìí o. Oòrùn fúnra rẹ̀ ni mo bẹ̀ lọ́wẹ̀."

Dáúlátì jẹ ọ̀kan. "Oòrùn yẹn sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti jó."

Gàríbù rẹ́rìn-ín débi pé ó da àwo ẹ̀wà nù sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Dáúlátì ti ń ra ẹ̀wà yíyan lójoojúmọ́, títí bàbá rẹ̀, Àlàájì Mitwálì, fi bèèrè pé, "Ṣé ẹṣin la ń sìn nínú ilé yìí ni?"

Àlàájì Mitwálì, ẹni tí kò rẹ́rìn-ín mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a lábẹ́, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ẹnu ọmọkùnrin yẹn kò ní ilẹ̀kùn. Ohunkóhun ló lè jáde níbẹ̀." Àǹtí Fikríyà, àbúrò Àlàájì, ló di alárinà. Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, títí bàtà rẹ̀ fi tín-ín-rín bí ewé àlùbọ́sà. Nígbẹ̀yìn, Àlàájì gbà.

Dáúlátì kò tíì pé ọdún kan nílé ọkọ nígbà tí Gàríbù búra lójú gbogbo àdúgbò pé ẹyẹlé òun ti lọ sí Mẹ́kà láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé yóò mú èso déètì bọ̀ kí ìrun ọ̀sán tó dé. "Bí irọ́ ni, mo kọ ìyàwó mi!" Aládùúgbò kan gòkè lọ sórí òrùlé, ó bá ẹyẹlé náà tó ń sùn. Ọ̀rọ̀ di ti ààfáà. Ààfáà, ẹni jẹ́jẹ́, ṣílẹ̀kùn fún un pé, "Ọmọ mi, ṣé ó wà lọ́kàn rẹ lóòótọ́ láti kọ̀ ọ́?" Kí ó ṣáà ti sọ pé rárá, kí ó bọ́ àwọn tálákà, kí ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ sílé. Ṣé ẹ mọ ohun tí Gàríbù sọ? Ó gbá àyà, ó ní, "Ó wà lọ́kàn mi! Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kì í yẹ̀!" Bí ìkọ̀sílẹ̀ ṣe di ọ̀kan nìyẹn. Oṣù kò tíì kú tó fi sunkún wá bẹ̀bẹ̀, tó sì mú un padà.

Èkejì ló burú jù. Lórí bàrà olómi ni. Ó ra bàrà wá sílé àna rẹ̀, ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dẹtí sí i, ó ní inú rẹ̀ pupa ju ẹ̀jẹ̀ lọ, bí irọ́ ni, òun kọ ìyàwó òun. Àlàájì Mitwálì fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀bẹ. Bàrà náà funfun báláú bí òwú. Wọ́n tún dé ọ̀dọ̀ ààfáà. Ààfáà tún ṣílẹ̀kùn. Gàríbù tún gbá àyà.

Lọ́tẹ̀ yìí Dáúlátì kò gbẹ̀bẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ, ó jókòó sílé bàbá rẹ̀ títí oṣù mẹ́ta tí ẹ̀sìn ní kí obìnrin tí wọ́n kọ̀ dúró fi kọjá, tí òun àti Gàríbù fi di àjèjì síra wọn. Bí ó bá máa fẹ́ ẹ padà, yóò san owó orí ìyàwó tuntun, wọn yóò so yìgì tuntun. Bí ó bá sì tún wá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó tán pátápátá. Kò ní lè rí i fẹ́ mọ́ àfi bí ọkùnrin mìíràn bá kọ́kọ́ fẹ́ ẹ.

Gàríbù sì rèé lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn ilé Àlàájì ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó ń ké bí ọmọ ràkúnmí. Àǹtí Fikríyà tún gbé bàtà alárinà wọ̀. Àlàájì wá sọ ọ̀rọ̀ kan: "Àwọn ọmọ ń bèèrè òkun. Kí ó mú wọn lọ sí Alẹkisáńdíríà, Jímọ̀ àti Sátidé. Kí ìwọ Fikríyà àti Dáúlátì bá wọn lọ. Bí wọ́n bá lọ tí wọ́n bọ̀, tí kò fi ìkọ̀yàwó búra lẹ́ẹ̀kan péré, n óò tẹ́wọ́ àdúrà ìgbéyàwó fún un. Bí ó bá búra, kí ó má dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn mi mọ́ láyé."

Ìdí tí èso elégédé fi wà lápò nìyẹn, kí ó lè fi dí ẹnu bí ìbúra bá fẹ́ jáde.

Ní Alẹkisáńdíríà, ilé odi Káítìbéì tó wà létí òkun ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ìgbì ń gbá òkúta lábàrá, omi ń ta sí wọn lójú. Gàríbù lá ètè. "Ẹ tọ́ ọ wò. Iyọ̀ mi rèé."

"Bàbá, ẹ kúrò létí ògiri yẹn," ni olùṣọ́ kan sọ.

"Ìwọ mọ ẹni tó kọ́ ògiri yìí?"

"Sùlútáànì ni."

"Eyín ta ló fi gbé òkúta? Eyín bàbá bàbá mi! Bí irọ́ ni, mo k..." Ó rọ́ èso sẹ́nu.

Wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibojì abẹ́ ilẹ̀ àwọn ará àtijọ́, èyí tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan jìn sí tí ayé fi mọ̀ pé ó wà. Nádà bèèrè pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ta ni.

"Ti ìdílé wa ni," ni Gàríbù dáhùn. "Inú ló ń bí i lọ́jọ́ náà, bíi ti ìyá yín yìí, kò wolẹ̀."

Dáúlátì yíjú sí i. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jìn sí kòtò. Èmi ti jìn sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé o rí i pé ó gbọ́n jù mí lọ?"

Àǹtí Fikríyà wúkọ́.

Ìrọ̀lẹ́ dé, wọ́n gun térámù, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, alájà méjì, àwọn ọmọ jókòó lókè, wọ́n ń lá áísíkìrímù. Iyọ̀ ti jẹ ètè Gàríbù, ó wú, ó yọ síta.

"Bàbá, ẹnu yín ti di ẹnu ràkúnmí," ni Zìyádì wí.

Gàríbù mi orí, ó ń rún èso rẹ̀ lọ, omi ojú ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ètè tó ń ta á. Ẹ̀rín fẹ́ pa Dáúlátì. Ó gé ètè jẹ, ó wojú fèrèsé. Inú wá bí i sí ẹ̀rín náà gan-an. Àbí irú ọkàn wo lèyí? Ọkùnrin tó tìtorí bàrà kọ̀ ọ́, òun náà ni ọkàn rẹ̀ tún ń sáré tẹ̀ lé kiri bí ajá tí kò nítìjú! Kí oorun tó gbé e lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, nílé ìbátan Àǹtí Fikríyà tí àwọn obìnrin àtàwọn ọmọ wọ̀ sí, ó bú Gàríbù, ó bú ara rẹ̀, ó bú oòrùn tó yan ẹ̀wà.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n lọ jẹ ẹja ní Anfúṣì, níbi tí wọ́n ti máa ń jẹ́ kí ènìyàn ṣa ẹja rẹ̀ lórí yìnyín kí wọ́n tó yan án. Àǹtí Fikríyà wọlé lọ fọ ọwọ́. Àwọn ọmọ ti jókòó sídìí tábìlì. Dáúlátì lọ gba búrẹ́dì. Gàríbù ló kù pẹ̀lú ẹlẹ́ja.

"Òwúrọ̀ yìí ló jáde lómi," ni ẹlẹ́ja náà wí, ó na ọwọ́ sókè. "Bí irọ́ ni, mo kọ ìyàwó mi!"

Ha! Ara Gàríbù gbọ̀n bíi ti ẹṣin ogun tó gbọ́ fèrè. Èso elégédé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbàgbé pé òun ní ọwọ́.

"Ẹja tí kò tó àtẹ́lẹsẹ̀ mi ni ìwọ ń torí rẹ̀ fi ìyàwó búra? Tẹ́tí kí o gbọ́ ọ̀rọ̀! Ẹja tí èmi fà létí òkun yìí, ìrù rẹ̀ wà ní Anfúṣì níbí, orí rẹ̀ ń jẹ koríko ní Kípírọ́sì lódìkejì òkun! Ọjọ́ tí a fi yọ egungun rẹ̀ tó ọjọ́ tí wọ́n fi kọ́ ìlú! Bí irọ́ ni, mo kọ ìyàwó mi, ìyá Nádà, ọmọ Mitwálì!"

"Ọ̀gá ni yín o!" Ẹlẹ́ja pàtẹ́wọ́.

Gàríbù tẹrí ba bí ọba. Nígbà tó gbórí sókè, Dáúlátì ló rí lẹ́yìn ẹlẹ́ja náà, búrẹ́dì gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Búrẹ́dì náà kò gbóná tó ojú rẹ̀.

Ó gbé búrẹ́dì síwájú àwọn ọmọ. Ó sọ fún Àǹtí Fikríyà tó ń nu ọwọ́ bọ̀ pé kí wọ́n máa jẹun. Ó sọdá títì lọ síbi ògiri etí òkun láìwo ọ̀tún, láìwo òsì. Àwọn ọkọ̀ ló ń yà fún un. Gàríbù sáré tẹ̀ lé e.

"Gàríbù." Kò pè é ní Bàbá Nádà.

"Ẹnu ló yọ̀, Dáúlà mi."

"Ẹnu ta ló yọ̀? Ẹnu rẹ kì í yọ̀, ó máa ń sáré ni! Ọjọ́ méjì! Ọjọ́ méjì péré ni bàbá mi ní kí o fi dákẹ́! Ẹja ń dákẹ́, òkúta ń dákẹ́, ìwọ nìkan ni kò lè dákẹ́?"

"Ẹlẹ́ja yẹn ló fín mi níràn..."

"Ààfáà ńkọ́? Òun náà fín ọ níràn? Ó ṣílẹ̀kùn fún ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọ gba ibẹ̀ jáde! O ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin kì í yẹ̀. Èmi ló wá yẹ̀? O fi mí gbèjà bàrà!"

"Bàrà yẹn, èèpo rẹ̀ dára..."

"Má fẹnu kan bàrà!" Ẹyẹ òkun tó bà sórí ògiri fò lọ. "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń pè mí ládùúgbò? Ìyàwó Bàrà! Bí mo bá lọ ra ewébẹ̀, wọ́n á ní, 'Ìyàwó Bàrà, inú tèyí pupa o.' Ọmọ rẹ obìnrin ń gbọ́ ọ. Ìwọ ń sọ̀tàn, ayé ń rẹ́rìn-ín, èmi ni mò ń kó ẹrù lọ sílé bàbá mi! Bí ó bá wá di ẹ̀kẹta ńkọ́? O fẹ́ kí n lọ fẹ́ ọkùnrin mìíràn ni? Kí ọkùnrin mìíràn máa gbé Zìyádì lé èjìká?"

Gàríbù la ẹnu. Dáúlátì dúró de irọ́. Ó mọ̀ pé yóò ní òun á mu òkun gbẹ, yóò ní òun á fi eyín fa ọkọ̀ ojú irin padà sí Táńtà. Ó ti múra sílẹ̀ láti gbá a létí bí ó bá sọ ọ́.

"Ilé dákẹ́," ni Gàríbù wí.

Dáúlátì wò ó.

"Mo máa ń tan rédíò. Ó ṣì dákẹ́."

Ó parí. Kò sí ràkúnmí nínú rẹ̀, kò sí ẹja tó dé Kípírọ́sì. Láti ọjọ́ tí Dáúlátì ti mọ̀ ọ́n, kò gbọ́ gbólóhùn kúkurú bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó yíjú sí òkun kánkán.

"Kí ló ṣe ọ́ lójú?" ni Gàríbù bèèrè.

"Omi òkun ló ta sí mi!"

"Iyọ̀ mi ni."

Díẹ̀ ló kù kí ó tì í sómi. Ó ní, "Gbé ẹnu rẹ pa mọ́ títí a ó fi délé. Àǹtí kò gbọ́. Èmi nìkan ló gbọ́." Ó sì sọdá padà, inú ṣì ń bí i, ṣùgbọ́n ìbínú náà ti ń wá ibi tí yóò jókòó sí.

Gàríbù kò sọ ọ̀rọ̀ kan nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà sílé. Àwọn èrò rò pé odi ni. Zìyádì, tí ebi tún ń pa, ki ọwọ́ bọ àpò bàbá rẹ̀, ó ń kó èso elégédé jẹ lọ ní tirẹ̀. Dáúlátì sì ń jà nínú ara rẹ̀. Kò purọ́ fún bàbá rẹ̀ rí. Ṣé ẹnu ọkùnrin yìí ló tún máa kọ́ ẹnu òun nírọ́? Kí ó lọ! Kí ó máa tan rédíò rẹ̀! Ṣùgbọ́n ilé dákẹ́, ilé dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń wí títí wọ́n fi dé Táńtà.

Àlàájì Mitwálì jókòó ní pálọ̀, ọ̀pá rẹ̀ láàárín orúnkún. Gàríbù bọ́ bàtà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì bí ọmọ ilé kéwú.

"Fikríyà," ni Àlàájì wí, "ó búra tàbí kò búra?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, etí mi méjèèjì rèé. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan."

"Dáúlátì, ojú mi ni kí o wò. Ó búra?"

Irọ́ náà jókòó sórí ahọ́n Dáúlátì bí ẹyín iná. Ó wo Gàríbù, ó wo ètè wíwú rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀.

"Rárá, Bàbá. Kò búra."

Àlàájì gbé ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mí kanlẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sókè láti ka Fátíhà tí yóò fi ọmọ rẹ̀ fún ọkọ padà. Àǹtí Fikríyà tẹ́wọ́. Dáúlátì náà tẹ́wọ́. Ó ku kí wọ́n la ẹnu.

"Àlàájì!" ni Gàríbù ké. Ayọ̀ ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń yún un. Ojú Dáúlátì sọ fún un pé kí ó dákẹ́. Ọwọ́ Gàríbù sáré wọ àpò. Ó wá èso lọ, ó wá a bọ̀. Zìyádì ti jẹ ẹ́ tán. "Àlàájì, ẹnu mi yìí mọ́ ju kànga Sámúsámù ti Mẹ́kà lọ! Àwọn áńgẹ́lì fẹ́ yá a lò! Bí mo bá fi ìkọ̀yàwó búra láti àná, mo kọ ìyàwó mi!"

Ọwọ́ gbogbo wọn wà lókè síbẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Zìyádì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, ìyàwó wo?"

Àlàájì Mitwálì na ọwọ́ sí ọ̀pá. Gàríbù kò dúró wo ibi tí ọ̀pá ń lọ. Ó fò sókè láti orí eékún, ó jálẹ̀kùn, ó gbàgbé bàtà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí àpò ẹ̀wà tó já.

Dáúlátì gbá bàtà náà mú, ó yọ sórí báńkónì. "Mo purọ́ fún bàbá mi nítorí rẹ!" Bàtà kìíní fò, ó bà á lẹ́yìn. "Mo purọ́! Èmi, Dáúlátì! Fún ìwọ!" Èkejì fò, ó gbá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù kan, gbogbo àdúgbò sì yọjú lójú fèrèsé.

Gàríbù kò wẹ̀yìn. Ó ń sá lọ ní ẹsẹ̀ lásán sí ọ̀nà ibùdókọ̀, aṣọ rẹ̀ ká sókè orúnkún, bí ẹni tí òkun Alẹkisáńdíríà fúnra rẹ̀ ń lé bọ̀, pé kí ó wá kó iyọ̀ rẹ̀.